Owó ìdápadà láti Kánádà: kí ni ká fi ṣe fún ará Kétu?

Àbúrò Akábà (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ dá sí i kí n tó fún àwọn tó rán mi lésì.

Àwọn ọmọ Kétu ilẹ̀ Benin kan tí wọ́n ń gbé ní Calgary, Edmonton àti Ottawa da owó jọ, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà (owó Benin). Kì í ṣe owó oṣù wọn. Ìjọba Kánádà ló dá a padà fún wọn. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí epo mọ́tò àti gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, nítorí èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ẹni tó bá sun epo púpọ̀ ló ń san púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni wọ́n ń pín padà fún gbogbo ilé. Wọn kì í wo ẹni tó lówó tàbí ẹni tí kò ní. Mẹ̀kúnnù tó ń wọ bọ́ọ̀sì a máa rí èrè díẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n fòpin sí owó orí epo yẹn, wọ́n sì san ìdápadà ìkẹyìn ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ní Alberta, níbi tí Calgary àti Edmonton wà, tọkọtaya tó ní ọmọ méjì gba dọ́là Kánádà 456. Ti Ontario, níbi tí Ottawa wà, jẹ́ 302. Dọ́là wọn kan tó bíi 415 sẹ́fà lásìkò náà, ẹ lè ṣírò rẹ̀.

Èyí ìkẹyìn yìí ni wọ́n ní àwọn ò ní jẹ. Wọ́n ní kí ó ṣe ìlú láǹfààní, kì í ṣe ilé ẹnì kan. Wọ́n tún ní owó náà kò ní wá mọ́, nítorí náà kí a má gbé ohun tí yóò máa béèrè owó lọ́wọ́ àwọn lọ́dọọdún. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà le ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Sabe ní Montreal

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jowú díẹ̀. Àwa tí a wà ní Quebec la pọ̀ jù nínú ọmọ Benin ní Kánádà, nítorí èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ a ò fojú kan owó yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Quebec ní ètò tirẹ̀: àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ń ra àṣẹ kí wọ́n tó lè tú èéfín, ìjọba ìpínlẹ̀ a sì máa fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí ìdápadà kankan fún ará ilé. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní "àwọn ará Montreal ńkọ́?", ẹ bá wa dá a lóhùn. Èmi á fi ọ̀kẹ́ kan sẹ́fà kún un láti inú àpò ara mi.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo owó náà jọ sọ́dọ̀ ẹnì kan níbí, kí ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, sínú àkáǹtì báńkì tí ó kéré tán ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí. Bí kálukú bá ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Àbúrò Akábà ní díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ á gé e ní ìgbà méje, ní ọjọ́ iwájú kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ iye tó wọlé ní pàtó. Mi ò fura sí ẹ o, àbúrò. Nítorí ti ìwọ gan-an ni mo fi sọ ọ́.

Ọmọ Ẹfẹ̀ (Kétu)

Kí lẹ tún ń wá? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni! UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Gbogbo ayé mọ̀ pé Kétu ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó mọ igi ère gbẹ́ dáadáa, gbogbo wọn ti dàgbà. Ẹ fi owó yìí kọ́ àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ ní iṣẹ́ náà.

Ìyá Ẹlẹ́pàá (Sabe)

Ọmọ mi, èmi náà fẹ́ràn Ẹfẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo lè dúró gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́ ère, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? O kọ́ ọmọ níṣẹ́ tán, ó gun ọkọ̀ lọ sí Èkó, ó di ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn.

Èrò tèmi: ẹ fi yá àwọn obìnrin ọjà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹlòmíràn gbà á. Owó náà kò ní tán láé. Bí àjọ ni, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Akáwèé

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Owó àjọ máa ń padà nítorí pé owó Ìyá Lágbájá ni, ẹ sì jọ ń pàdé lọ́jọ́ ọjà. Owó Kánádà yìí kò ní olówó nítòsí. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti dá a padà, ta ni yóò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Àbúrò Akábà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, microcrédit Alafia, owó kékeré tí ìjọba ń yáni, ti wà fún àwọn obìnrin, àwọn ilé owó kéékèèké náà sì kún ìlú. Ohun tí kò sí ni ká fi owó yìí ṣe.

Ìyá Ẹlẹ́pàá (Sabe)

Ẹ̀yin akáwèé, bí ẹnu yín ṣe máa ń rí nìyẹn. Èmi á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀! Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o sọ.

Bàbá Olówùú (Sabe)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú owó báyìí kò wọ ìlú wa rí. Ó ti wọ̀ ọ́, àwa la sì ná an.

Nígbà tí òwú ń ṣe dáadáa, láti bíi 1980 lọ sókè, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan, GV ni wọ́n ń pè é, ló ń wọn òwú fúnra rẹ̀, tó ń kó o jọ, tó ń dì í sínú ọkọ̀. SONAPRA, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ló ń rà á. Nítorí pé àwa la ṣe iṣẹ́ ọjà náà, owó kan wà tí wọ́n máa ń san padà fún ẹgbẹ́ lórí òwú tó kó jọ, lẹ́yìn tí kálukú bá ti gba owó òwú tirẹ̀ tán. Ristourne la ń pè é. Kì í ṣe owó ẹnì kan, ti abúlé ni. Ibi tí òwú bá ti pọ̀, owó gidi ni. Kíláàsì, ilé ìkẹ́rùsí, kànga, ilé ìgbẹ̀bí, owó oṣù olùkọ́ tí ìjọba kò rán wá: inú ristourne ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde, pàápàá ní Borgou lápá òkè lọ́hùn-ún, tí òwú wọn ju tiwa lọ.

Mo rí èyí tó dára, mo rí èyí tó bàjẹ́. Níbi tó ti dára, wọ́n máa ń kà á jáde lójú gbogbo ènìyàn lábẹ́ igi kí wọ́n tó ná an, tó fi jẹ́ pé ìyá arúgbó tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì mọ iye tó kù. Níbi tó ti bàjẹ́, akọ̀wé nìkan ló mọ̀wé, òun nìkan ló ń lọ sí báńkì, ó sì ń gun alùpùpù tuntun ti báńkì bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ kan wà tí olè kò sí nínú rẹ̀, òun ló ń dùn mí jù. Wọ́n á kọ́ ilé ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì ò ní dé. Wọ́n á kọ́ kíláàsì mẹ́ta, olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa sáré láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Wọ́n á gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ Lágbájá láìgba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá á kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á fi ọgbà yí kànga ká. A fẹ́ràn ilé kíkọ́ nítorí pé a lè kọ orúkọ sí i lára. Mílíọ̀nù kan yín yìí kò tilẹ̀ tó kọ́ ilé tí yóò dúró. Ẹ lọ wá ohun tó ti wà, tó ń ṣiṣẹ́, tí ohun kékeré kan dí lọ́nà, kí ẹ mú ohun kékeré náà kúrò.

Aláìsùn Igbó (Kétu)

Mo kí Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí owó náà ti wá o. Nítorí èéfín ni wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ṣé kò yẹ kí ó padà sí igi? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé igi dá èédú láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Sabe, tí ọkọ̀ ń kó o lọ sí Kútọnù lálaalẹ́. Ẹ wo igbó Dogo. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní gbogbo Benin, láti 1985 ló ti wà. Ẹ jẹ́ ká gbin igi sí gbogbo ilé-ìwé.

Tíṣà CM2 (Okpometa)

Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọọdún là ń gbìn ín. Aláṣẹ á wá, wọ́n á ya fọ́tò, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ kó tó di oṣù kẹjọ. Igi kò wọ́n. Ọgbà tó yí i ká àti ẹni tí yóò bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló wọ́n, ìyẹn sì ni owó ọdọọdún tí àwọn ará Kánádà ní àwọn kò fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín igi gígé kù, ẹ ra àdògán tí kì í jẹ igi púpọ̀ fún àwọn ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, orí òkúta mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń dáná sí.

Atún-pọ́ǹpù (Idigny)

Iṣẹ́ mi ni pọ́ǹpù omi, nítorí náà ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ ṣoore, kànga ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Lórí òkè Kétu yìí, omi jìn gan-an. Mílíọ̀nù mélòó kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè má mú omi jáde. Ẹ mú ìyẹn kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka àwọn pọ́ǹpù tó ti wà tí wọn kò ṣiṣẹ́! Irú méjì ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Vergnet, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú omi tó ń wú tó ń fọn. Bí rọ́bà yẹn bá lu, ó parí nìyẹn. Ti India-Mali tí à ń fi ọwọ́ fà, awọ inú rẹ̀ ló máa ń jẹ, tàbí kí irin gígùn rẹ̀ já. Kò sí èyí tí owó àtúnṣe rẹ̀ sún mọ́ ti kànga tuntun rárá. Ohun tí abúlé kò ní ni ẹni tí yóò kó owó náà jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ẹni tó bá pè mí: owó omi tí ẹ ń gbà lórí garawa kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ta ló wà? Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, mo mọ̀ pé wọ́n á tún pè mí láìpẹ́, wọn ò sì ní rí owó san.

Ohun kejì, láti 2017 ni ìjọba ti dá ANAEPMR sílẹ̀ fún omi ìgbèríko. Wọ́n ń gbé àgbá omi ńlá nàró, wọ́n ń fa páìpù wọ abúlé, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló sì ń bójú tó o tí wọ́n ń ta omi. Kí ẹ tó tún pọ́ǹpù kankan ṣe, ẹ béèrè ní mẹ́rì, ọ́fíìsì kọmúùnù, bóyá abúlé náà wà lórí ètò yẹn. Ó máa ń dunni kí a tún pọ́ǹpù ṣe lónìí, kí páìpù dé lọ́la, kí gbogbo ènìyàn pa pọ́ǹpù tì.

Àbúrò Akábà (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n Atún-pọ́ǹpù, ẹ ṣeun púpọ̀. Abúlé kan wà tí mo ní lọ́kàn lọ́nà Adakplamè. Màá béèrè.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Pọbẹ̀)

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́. Egbò Buruli. Àwa tí a wà ní ẹkùn Plateau àti Ouémé níbí mọ̀ ọ́n dáadáa, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kókó kékeré kan ló máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, lápá tàbí lẹ́sẹ̀, kì í dunni rárá, ìdí nìyẹn tí ìyá kì í fi kà á kún. Kòkòrò rẹ̀ jẹ́ ìbátan ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ibi omi tí kì í ṣàn dáadáa ló pọ̀ sí, àwọn ọmọdé ló sì ń mú jù. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, á jẹ ẹran ara lọ, apá ọmọ á ká kò, kò ní lè na ìka mọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ wà. Oògùn oníhóró ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń lò ó. Ibùdó ńlá fún un wà ní Pọbẹ̀ níbí láti bí ogún ọdún lé, ẹgbẹ́ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ló ń ràn án lọ́wọ́, oògùn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ló wá kù? Owó ọkọ̀. Ìyá kan ní abúlé lẹ́yìn Kétu, ó ní ọmọ márùn-ún, wọ́n ní kí ó gbé ọ̀kan wá sí Pọbẹ̀ kí ó sì dúró tì í. Ta ni yóò jẹ́ kí àwọn mẹ́rin tó kù jẹun? Ta ni yóò bá a ta gbàgùúdá rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe padà sọ́dọ̀ oníṣègùn tó sún mọ́ ọn, nígbà tí a ó bá fi rí i, apá ti ká.

Ohun tí Bàbá Olówùú sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ilé ti wà, dókítà ti wà, oògùn ti wà. Owó mọ́tò àti owó oúnjẹ ló ń dí i lọ́nà.

Aláìsùn Igbó (Kétu)

Mo fi ọ̀rọ̀ igi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí apá rẹ̀ ká bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, mi ò mọ̀ pé ìwòsàn rẹ̀ kò ju Pọbẹ̀ lọ.

Tíṣà CM2 (Okpometa)

Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá pẹ̀lú, mo ti ń dúró.

Láti 2006 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní Benin. Ọmọ á wọlé, á kàwé dáadáa, á dé CM2, kíláàsì ìkẹyìn, ìdánwò CEP tí wọ́n fi ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó ní kí ó mú ìwé ìbí wá. Kò sí. Wọ́n bí i sílé, bàbá rẹ̀ wà lóko ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó lọ sọ fún mẹ́rì. Kíláàsì wo ni mo ti kọ́ tí irú rẹ̀ kò sí? Àwọn ọdún kan, ìjọba á ṣàánú, wọ́n á jẹ́ kí ọmọ náà jókòó ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìṣòro náà ń dúró dè é níwájú: ìdánwò BEPC ti ilé-ìwé girama, ìwé ìdánimọ̀, káàdì ìdìbò, àkáǹtì báńkì, títí dé nọ́ńbà fóònù.

Ẹni tí àkókò ti kọjá fún, ilé ẹjọ́ ni yóò ti gba ìdájọ́ tí yóò dípò ìwé ìbí. Òfin kò kọ̀ ọ́. Ìyà ibẹ̀ ni ìrìnàjò: lọ lónìí, padà wá lọ́jọ́ mìíràn, mú ẹlẹ́rìí méjì dání, ra ìwé, ṣe fọ́tókópì, fún ẹlẹ́rìí lówó oúnjẹ. Fún opó tó ń ta ẹ̀kọ, ìyẹn ju èrè oṣù kan lọ. Nígbà mìíràn, adájọ́ fúnra rẹ̀ lè wá jókòó ní abúlé tàbí ní mẹ́rì, kí ó ṣe ti ọmọ púpọ̀ lọ́jọ́ kan, bí ẹnì kan bá ti kó orúkọ jọ, tó ṣètò àwọn ẹlẹ́rìí, tó sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba fún ìdánimọ̀ ènìyàn, ló ń bójú tó ìwé náà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ béèrè ìlànà tó wà lọ́wọ́ báyìí lọ́dọ̀ wọn àti ní mẹ́rì kí ẹ tó ná sísì kan.

Ẹ má sì ṣe é ní oṣù karùn-ún. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí nígbà tí ìdánwò bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Oṣù kẹwàá, bí ilé-ìwé bá ti wọlé, ni ká bẹ̀rẹ̀, láti CM1 tó ṣáájú, kí a má dúró de CM2.

Ọmọ Wàndó (Àjàṣẹ́)

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́, Porto-Novo. Ṣé ẹ ò lè mú ọ̀dọ́ kan tó gbọ́n, kí ẹ rán an wá sí Songhaï níbí ní Wàndó? Láti 1985 ni Père Nzamujo ti dá a sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, adìyẹ, ẹja, gbogbo rẹ̀. Ó lè padà wá kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Kétu.

Ìyá Ẹlẹ́pàá (Sabe)

Ọ̀dọ́ kan. Ọmọ ta ni? Ìbéèrè tí yóò tú ilé ká nìyẹn.

Ọmọ Wàndó (Àjàṣẹ́)

Haha. Ìyá, ẹ ti pa mí.

Kò-gba-ìrẹ́jẹ

Èmi kò mọ ìdí tí ẹ fi ń ro èyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àwọn opó àti àwọn arúgbó ìlú, kí ẹ pín owó náà fún wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ju ẹnikẹ́ni nínú yín lọ. Kí ló dé tí olówó Kánádà fi lè gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láìsẹ́ni tó bi í bí yóò ṣe ná an, ṣùgbọ́n tí opó Kétu gbọ́dọ̀ gba ohun tí ìgbìmọ̀ bá yàn fún un?

Akáwèé

Ìbéèrè yẹn mú gan-an, mi ò sì ní èsì tó tán sí i. Ohun tí mo lè sọ ni pé opó kan lè fi owó tirẹ̀ ra oúnjẹ, ṣùgbọ́n opó kan kò lè fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún gbé adájọ́ wá sí abúlé. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé àjọṣe nìkan ló lè rà á.

Kò-gba-ìrẹ́jẹ

Mo gbà apá kan. Ẹ jẹ́ kí opó kan wà lára àwọn tí yóò máa pinnu o.

Ọ̀dọ́ Odometa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àwọn olóṣèlú. Bí ìdìbò kọmúùnù àti ti ilé aṣòfin bá ti ń sún mọ́, àwọn kan a máa wá ibi tí wọ́n á dúró sí ya fọ́tò. Bí ẹ bá mú owó yìí gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ń du ipò, á di "mo gbé e wá láti Kánádà fún yín". Mẹ́rì gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì, ẹ kò lè yẹra fún un, ìwé ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo ohun tí ẹ bá san, kí ẹ má sì gba fìlà tàbí aṣọ olórí kankan lọ́jọ́ náà.

Bàbá Olówùú (Sabe)

Ọmọ yìí ní ojú.

Ọmọ Ẹfẹ̀ (Kétu)

Ẹ̀yin kan kò tíì bi Àbúrò Akábà pé ta ni òun gan-an. Mi ò bú u. Mo kàn ń wò ó pé gbogbo wa ń gbà á nímọ̀ràn lórí owó tí ẹnì kankan nínú wa kò rí.

Àbúrò Akábà (Kétu)

O sọ òótọ́, kò sì dùn mí. Owó náà kò tíì kúrò ní Kánádà. Bí ẹ̀gbọ́n Montreal ṣe sọ, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó o jọ níbẹ̀. Níbí, ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i ní báńkì: èmi, ìyá kan tó jẹ́ opó tó ń ta aṣọ lọ́jà Kétu (Kò-gba-ìrẹ́jẹ, ṣé o gbọ́?), àti dírẹ́tọ̀ ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wá, kí ó wá sí ìpàdé, a kò ní fi ara pamọ́.

Mo ti bá àwọn tó ni owó sọ̀rọ̀ pẹ́ lánàá. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn, títí kan ti ère. Ibi tí a dé nìyí.

Pọ́ǹpù ti kúrò. Abúlé tí mo ní lọ́kàn wà lórí ètò páìpù, mo sì dúpẹ́ pé mo béèrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà yóò lọ sórí ìwé ìbí, àwọn ọmọ CM1 àti CM2 ní àwọn ilé-ìwé tí Tíṣà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti kó orúkọ jọ. A óò gbìyànjú kí adájọ́ wá jókòó lọ́dọ̀ wa. Bí kò bá ṣeé ṣe, a óò gba bọ́ọ̀sì kan fún àwọn ìyá àti àwọn ẹlẹ́rìí. Ìyókù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, yóò jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún ìyá tó bá gbé ọmọ lọ sí Pọbẹ̀ nítorí egbò Buruli. Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá àwọn ibùdó náà sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ pé àwọn ló ń sọ fún wa ẹni tó nílò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá bá mi nílé pẹ̀lú ìtàn.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Edmonton kọ́kọ́ bínú pé kò ní sí ohun tí òun lè ya fọ́tò rẹ̀. Mo sọ fún un pé a óò fi iye ọmọ tó gba ìwé ránṣẹ́ sí i, láìfi orúkọ wọn síta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dára.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Pọbẹ̀)

Màá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi ohun kan kún un: kí àwọn olùkọ́ tó ń kó orúkọ jọ fún ìwé ìbí máa wo apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bákan náà. Àwọn ọmọ náà ti wà lójú wọn tẹ́lẹ̀, kò ná yín ní nǹkan kan. Kókó tí kì í dunni, tàbí ibì kan lára tó wú tó sì le, ẹ rán an wá.

Tíṣà CM2 (Okpometa)

A óò ṣe é. Màá sọ fún àwọn yòókù nígbà ìpàdé olùkọ́.

Ìyá Ẹlẹ́pàá (Sabe)

Ìbéèrè kan o. Àwọn ọmọbìnrin tó ti kúrò nílé-ìwé, tí wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán àti irun dídì ńkọ́? Àwọn náà ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ báyìí, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi níbí, ọdún mẹ́ta ló ti parí iṣẹ́, kò tíì gba ìwé ẹ̀rí. Irú rẹ̀ á wà ní Kétu náà.

Àbúrò Akábà (Kétu)

Ìyá, mi ò tilẹ̀ ronú kàn wọ́n. Wọ́n wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ aránṣọ tàbí onídìrí ní Kétu, Odometa, Kpankou tàbí Okpometa tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀, kí ó sọ fún un kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá àti abúlé tí wọ́n bí wọn sí. Títí ìparí oṣù kẹsàn-án la óò máa gba orúkọ.